Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Atẹ́gùn Inú Táyà Ńlá, Láti Aṣálẹ̀ Sàhárà Dé Bouaké

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni ó yẹ kí a fi ṣí ọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí kékeré, èyí tí í ṣe ìwọ̀n atẹ́gùn tí ó tọ́ kí ó wà nínú táyà ńlá, irú èyí tí ọkọ̀ jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù fi ń tọ ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ìlú Bouaké, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni a ó fi ṣe ibùdó ìwòye wa. Ìdí rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti etí òkun wá ti ń pàdé àwọn ọ̀nà pupa tí ó lọ sí ìgbèríko. Ìdí mìíràn ni pé àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé ìjọba amúnisìn, àti pé bí wọ́n bá ń lọ sílé, wọn yóò la Gánà, Tógò àti Benin kọjá kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, orí rọ́bà àti atẹ́gùn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Ohun tí a fẹ́ fi ìtàn yìí hàn ni pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó tọ́ fún táyà ńlá ní gbogbo ìgbà. Nọ́ńbà tí a bá yà kúrò lára ẹrù, kúrò lára ọ̀nà àti eré tí ọkọ̀ ń sá, kì í ṣe ìmọ̀ mọ́. Àṣà lásán ni, àṣà náà sì lè pa ènìyàn.

Orúkọ àti òṣùwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ a máa tọ́ka sí ojú ọ̀nà tí nǹkan gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, fọkanáísà ni à ń pe ẹni tí ń lẹ táyà tí ó sì ń fa atẹ́gùn sí i. Ní Bouaké, vulcanisateur ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ kan náà. Orísun kan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní: Vulcan, òrìṣà iná àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ láàárín àwọn ará Róòmù àtijọ́, ẹni tí a lè fi wé Ògún nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ yìí nítorí pé iná ni wọ́n fi ń se rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ kí ó tó le, kí ó má baà yọ́ nínú oòrùn. Charles Goodyear ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ìmọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1844. Bákan náà, mọ́tò tí Yorùbá ń pe ọkọ̀, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Mobili tí àwọn Dioula ń pè é nínú ọjà Bouaké, ẹnu Faransé ni tirẹ̀ ti wá.

Bí orúkọ oníṣẹ́ tilẹ̀ jọra, òṣùwọ̀n wọn kò jọra. Fọkanáísà Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ a máa fi pọ́n-ùn ka géèjì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti fi lé wa lọ́wọ́. Bí ó bá ní 35, ohun tí ó ń wí ni pọ́n-ùn 35 lórí ínṣì onígunmẹ́rin kan. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bouaké, báà ni ó ń kà, tàbí kílò, èyí tí í ṣe ẹrù kílò kan lórí sẹ̀ǹtímítà onígunmẹ́rin kan. Báà àti kílò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Báà kan jẹ́ pọ́n-ùn 14.5, nítorí náà 35 ti Èjìgbò kò ju 2.4 ti Bouaké lọ. Bí awakọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé bá gbọ́ tí wọ́n ní kílò méjì ààbọ̀, kí ó mọ̀ pé 36 ni wọ́n ń wí. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti sọ ọ̀rọ̀ láàárín oníṣẹ́ méjì tí ó mọ iṣẹ́ wọn dáadáa di ọ̀rọ̀ adití.

Láti táyà líle dé táyà rírọ̀

Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì kan, Robert William Thomson, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí táyà onítẹ́gùn ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n ayé kò tí ì nílò rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop tún un ṣe ní Belfast fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1889, André àti Édouard Michelin dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Clermont-Ferrand, nígbà tí ó sì di ọdún 1895, wọ́n fi ọkọ̀ tí ó wọ táyà onítẹ́gùn sáré láti Paris dé Bordeaux àti padà.

Àwọn táyà ìgbà náà tín-ín-rín, wọ́n sì le bí igi. Èrò àwọn tí ń ṣe wọ́n ni pé bí atẹ́gùn bá ti pọ̀ tó ni táyà yóò ti lágbára tó. Ọdún 1923 ni èrò yìí yí padà, nígbà tí Michelin gbé táyà kan jáde tí wọ́n pè ní Confort. Táyà yìí fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, báà méjì ààbọ̀ péré ni wọ́n sì ń fa sí i. Ó gbé ẹrù tí àwọn táyà líle ń gbé, ara sì tu àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀.

Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Kì í ṣe rọ́bà ni ó ń gbé ọkọ̀, bí kò ṣe atẹ́gùn tí rọ́bà há mọ́ inú. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá gbé ẹrù kílò 500, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ sì jẹ́ kílò méjì ààbọ̀, sẹ̀ǹtímítà onígunmẹ́rin 200 ni táyà yóò fi tẹ ilẹ̀. Bí a bá tú atẹ́gùn náà títí ó fi ku ìdajì, táyà yóò tẹ́ títí yóò fi fi 400 tẹ ilẹ̀. Ara rọ́bà fúnra rẹ̀ a máa gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà, nítorí náà ìṣirò yìí kì í ṣe déédéé pátápátá, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù. Ẹni tí ó bá ti wo ẹsẹ̀ ràkúnmí àti ẹsẹ̀ ẹṣin lórí yanrìn yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Pátákò ẹṣin kéré, ó sì le, nítorí náà ó ń rì. Àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí fẹ̀, ó sì rọ̀, nítorí náà ó ń rìn lórí ohun tí ń gbé ẹṣin mì.

Ohun tí yanrìn fi kọ́ àwọn awakọ̀

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi ojú rí ìmọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1922, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil kó ọkọ̀ Citroën kúrò ní Touggourt ní ilẹ̀ Algeria. Wọ́n dé Timbuktu ní oṣù Kìíní ọdún 1923. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni àwọn ọkọ̀ náà fi jẹ́ ọkọ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà gbọọrọ ni ó ń yí lẹ́yìn wọn, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tàn káàkiri lórí yanrìn. Ní ọdún 1924, ilé-iṣẹ́ Renault gba ọ̀nà mìíràn yọ sí ìṣòro kan náà: wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ránṣẹ́ sí aṣálẹ̀, wọ́n sì so táyà rírọ̀ méjì-méjì mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá: ojú tí ó fẹ̀ láti fi tẹ ilẹ̀.

Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, Ralph Bagnold, ni ó fi hàn pé a kò nílò bẹ́líìtì. Láti àwọn ọdún 1920 títí wọ àwọn ọdún 1930, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ Ford lásán la aṣálẹ̀ Líbíà kọjá. Lára ọgbọ́n wọn ni pé wọ́n a máa tú atẹ́gùn táyà bí wọ́n bá kan yanrìn rírọ̀, wọ́n a sì fà á padà bí ilẹ̀ bá le. Ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọgbọ́n yìí ni ó fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ń rin aṣálẹ̀ jìnnà sílẹ̀. Ní ọdún 1942, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ DUKW, tí ń rìn lórí omi tí ó sì ń gun etí òkun, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sí i tí awakọ̀ lè fi tú atẹ́gùn tàbí kí ó fà á láti orí ìjókòó rẹ̀. Nígbà náà ni ó hàn gbangba pé ìwọ̀n atẹ́gùn kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a tó kúrò nílé. Ó jẹ́ apá kan iṣẹ́ wíwa ọkọ̀, bí ìdádúró àti ìyàwọ́ ti jẹ́.

Bouaké, oríta ọ̀nà

Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan dé Bouaké ní ọdún 1912. Ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Ibi tí ojú irin bá dé, oníṣòwò a dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, tọ ọ̀nà yìí títí wọ́n fi fìdí kalẹ̀ ní àwọn ìlú Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Anango. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ilé wọn ti di Gánà tún ilé mìíràn wá, àwọn kan nínú wọn sì gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Títí di òní, ènìyàn lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àgbàlagbà àti ọmọdé ní Èjìgbò, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì kò yé láti ibẹ̀ sí Abidjan.

Kì í ṣe ojú irin nìkan ni Bouaké fi di oríta. Ọ̀nà lọ sí Katiola àti Korhogo ní àríwá, ó lọ sí Béoumi ní ìwọ̀ oòrùn, ó lọ sí Sakassou, ó lọ sí M'Bahiakro. Ní kété tí ènìyàn bá yà kúrò ní títì sí àwọn abúlé, ilẹ̀ pupa ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òjò, ó di ẹrẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ó gbẹ, ó sì ká wọnjọ bí páànù tí a fi ń bo ilé. Orúkọ páànù náà ni àwọn tí ń sọ Faransé fi ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Táyà tí ó bá kún dẹ́nu lórí ọ̀nà onípáànù yóò máa fò láti orí kan dé orí kejì, kò sì ní gbọ́ ti ìyàwọ́ tàbí ti ìdádúró mọ́.

Ìyà tí ọ̀nà wọ̀nyí lè fi jẹ ọkọ̀ kò pamọ́ fún ayé. Ní ọdún 1969 ni wọ́n dá eré ìje ọkọ̀ Bandama sílẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ odò ńlá ilẹ̀ náà sọ. Ní ọdún 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó parí eré náà ní ìwọ̀n àkókò tí wọ́n là sílẹ̀. Láti 1978 dé 1992, ó wà lára ìdíje àgbáyé. Abidjan kan náà ni wọ́n ti gbéra ní òpin ọdún 1975 fún eré Abidjan sí Nice. Inú eré yìí ni Thierry Sabine ti sọnù nínú aṣálẹ̀ Líbíà ní ọdún 1977. Lẹ́yìn tí wọ́n rí i, ó dá eré Paris sí Dakar sílẹ̀, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978. Nínú àwọn eré wọ̀nyí, ẹni tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tú atẹ́gùn, orí òkìtì yanrìn ni yóò sùn.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di olú-ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ilẹ̀ náà pín sí méjì. Àwọn ọmọ ogun Faransé kó ọkọ̀ VAB wọn wá, ọkọ̀ onírin tí ìwúwo rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 13 lórí táyà ńláńlá mẹ́rin. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jíìpù funfun tirẹ̀ wá ní 2004, kò sì kó wọn kúrò títí di oṣù Kẹfà ọdún 2017. Wọ́n dáná sun ohun ìjà ní Bouaké ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2007 láti fi hàn pé àlàáfíà ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a kò tọ́jú nígbà ogun kò gbọ́ pé ogun parí. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá lágbára a máa wá jíìpù, ẹni tí ó ní jíìpù a sì máa wá táyà tí ó tóbi ju èyí tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀: bí táyà bá yí padà, ǹjẹ́ nọ́ńbà kò ní yí padà?

Bí a ṣe ń yan ìwọ̀n tí ó tọ́

Nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn ọkọ̀, táyà tí ọkọ̀ bá wá láti ilé-iṣẹ́ ni ó wà fún. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ní tirẹ̀, òpin tí a kò gbọdọ̀ kọjá ni, kì í ṣe ìwọ̀n tí a ní kí a máa lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ọ̀kan ṣe èkejì. Táyà ńlá gba atẹ́gùn púpọ̀ sínú, ó sì fẹ̀, nítorí náà ó lè fi ìwọ̀n tí ó kéré díẹ̀ gbé ẹrù tí táyà kékeré gbé. Bí a bá fa nọ́ńbà àtijọ́ sí i, àárín rẹ̀ yóò wú, àárín náà nìkan ni yóò máa jẹ, ọkọ̀ yóò sì máa ta bí ìbọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ táyà a máa tẹ àtẹ kan jáde tí ó fi ẹrù àti atẹ́gùn wé ara wọn fún táyà kọ̀ọ̀kan. Àtẹ yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a sì fi ẹrù iwájú àti ẹrù ẹ̀yìn wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé jíìpù tí ó gbé àpò iṣu sẹ́yìn kì í ṣe jíìpù tí ó ṣófo.

Bí kò bá sí àtẹ, ọgbọ́n méjì wà. Ọ̀kan kò gbà ju ẹfun lọ. A ó fa ìlà ẹfun gbọọrọ kọjá lórí ojú táyà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, a ó wa ọkọ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ó sì wò ó. Bí ẹfun àárín bá kọ́kọ́ parẹ́, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá kọ́kọ́ parẹ́, ó ti kéré jù. Bí ó bá parẹ́ bákan náà, ó ṣe déédéé. Ọgbọ́n kejì jẹ́ ti ooru. A ó wọn táyà ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, a ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan. Àwọn awakọ̀ jíìpù gbà pé kí ó gòkè ní nǹkan bí pọ́n-ùn mẹ́rin, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá báà. Bí ó bá gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, táyà ń tẹ̀ jù, ó ń gbóná. A jẹ́ pé atẹ́gùn kò tó. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wọn táyà nígbà tí ó tutù, kí a má sì tú atẹ́gùn táyà gbígbóná dànù nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ gòkè.

Ní ti ọ̀nà, lórí ọ̀nà onípáànù, a lè dín ìwọ̀n títì kù ní ìdá kan nínú márùn-ún. Nínú ẹrẹ̀, a lè tún dín in. Lórí yanrìn rírọ̀, àwọn awakọ̀ jíìpù a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé nǹkan bí báà kan, ṣùgbọ́n bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, táyà lè bọ́ kúrò lára rímù níbi tí a bá ti yà lójijì. Gbogbo àdínkù yìí ní gbèsè kan tí a gbọ́dọ̀ san: eré gbọ́dọ̀ dín kù pẹ̀lú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fa atẹ́gùn padà kí a tó gun títì.

Ibi tí ikú ń gbà wọlé

Ẹ̀kọ́ tí ó burú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Firestone pe táyà mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ padà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lára ọkọ̀ Ford Explorer. Ojú táyà náà ń bó kúrò lórí eré, ọkọ̀ a sì gbókìtì. Iye ẹni tí ó kú ju 200 lọ. Ford ti sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa lo pọ́n-ùn 26. Firestone ní 30 ni ó yẹ. Ilé-iṣẹ́ táyà di ẹ̀bi ru ọkọ̀, ti ọkọ̀ di ẹ̀bi ru táyà. Ohun tí ó dájú ni pé táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré ń tẹ̀, ohun tí ó ń tẹ̀ ń gbóná, ooru sì ń tú ohun tí iná Vulcan so pọ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ṣe òfin tí ó mú kí a máa fi ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ atẹ́gùn táyà sínú ọkọ̀ tuntun ní ilẹ̀ náà.

Ewu yìí kan Bouaké ju bí a ti rò lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n ṣí òpópónà asáré láti Abidjan dé Yamoussoukro, wọ́n sì tún nà án kọjá ibẹ̀ sí ìhà Bouaké lẹ́yìn náà. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó tú atẹ́gùn sílẹ̀ nítorí ọ̀nà Béoumi, tí kò fà á padà, tí ó kó ẹrù kún ẹ̀yìn, tí ó sì ń sá kílómítà 120 ní wákàtí kan lórí òpópónà nínú oòrùn ọ̀sán, ti gbé ọgbọ́n ọ̀nà kan lọ sí ọ̀nà mìíràn. Lórí ọ̀nà pupa, kò lè sáré tó èyí tí yóò fi bẹ́ táyà. Ọ̀nà dídára ni ó fún un láyè láti kú. Nígbà tí táyà bá sì bẹ́, ó rọrùn láti ní ọwọ́ ayé ni. Ó ṣòro láti ní ààbọ̀ báà atẹ́gùn ni.

Ìgúnlẹ̀

Nínú ìtàn yìí, ìmọ̀ kan náà ni ó ń rìn láti aṣálẹ̀ dé ogun, láti ogun dé eré ìje, láti eré ìje dé abẹ́ igi níbi tí fọkanáísà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ tiwọn sílẹ̀ ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ti fọkanáísà, ẹnu àti ọwọ́ nìkan ni ó wà, bẹ́ẹ̀ ni òun sì ni ẹni ìkẹyìn tí ó lè gba ẹ̀mí èrò ọkọ̀ là kí wọ́n tó gbéra. Ó yẹ kí a kọ ìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí pọ́n-ùn àti báà wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó kan náà ní Èjìgbò àti ní Bouaké, kí ọmọṣẹ́ lè kọ́ ọ láìsọ ọ́ nù.

Pátákó náà kò ní tó bí kò bá sí ìbéèrè. Kí fọkanáísà tó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bi awakọ̀: kí lẹ gbé, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà, báwo lẹ ṣe fẹ́ sáré tó? Lẹ́yìn ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni nọ́ńbà tó kàn.